Súẹ́tà tó sún kì lẹ́yìn fífọ̀: ẹ má tíì jù ú nù

 Ọyẹ́ ti dé o. Ètè ń bó, gìgísẹ̀ ń là, ẹni tí kò ní súẹ́tà ń fi ìborùn wé etí lọ sọ́jà láàárọ̀. Lásìkò báyìí ni lẹ́tà nípa aṣọ òtútù máa ń pọ̀ lórí tábìlì mi, ọ̀kan nínú wọn sì ni mo fẹ́ fi ojú-ewé tòní dáhùn.

Ìyá kan ló kọ ọ́ láti Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ọmọ òun tó wà ní ìlú Òyìnbó fi súẹ́tà olówó ńlá kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Nígbà tó dọ̀tí, ìyá yìí gbé omi kaná, ó da ọṣẹ sí i, ó rẹ ẹ́, ó sì fọwọ́ ra á dáadáa bí ẹni tó mọ aṣọ í fọ̀. Kó tó gbẹ lórí okùn, súẹ́tà bàbá ti di ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, ó sì le bíi páálí. Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè méjì ló wá bi mí. Èkíní, ṣé ọgbọ́n wà tí súẹ́tà yìí fi lè padà sí bó ṣe wà? Èkejì, wọ́n ti sọ fún un pé irun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe é, àgbò àti àgùntàn ló sì kún Sábó, ṣé òun kò lè gé nínú irun wọn kí òun fi ṣe òmíràn san fún bàbá? Gbólóhùn kan tún wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, tí àyà mi já nígbà tí mo kà á. Mo ti wá ẹni tó jíṣẹ́ fún ìyá yìí lójú ẹsẹ̀ kí n tó jókòó kọ èyí. A máa dé ibẹ̀.

Ìyá wa, ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ má bínú, kò lè padà mọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun ní oògùn rẹ̀, owó yín ló fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ṣe fún yín, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, àwọn kan sì ti ń fi jẹun láti ayébáyé. Òyìnbó ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní felt. Àwọn darandaran ilẹ̀ Mongolia ń fi í bo ilé tí wọ́n ń gbé nínú òtútù. Ẹ̀yin ṣe tiyín nínú báàfù láìmọ̀ ni.

Irun àgùntàn Òyìnbó ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára bíi ti ẹja, ojú lásán kò lè rí i. Tí omi gbígbóná àti ọṣẹ bá kàn án, àwọn ìpẹ́ yẹn á ṣí. Bí ẹ bá wá ń fọwọ́ ra á, irun kan á máa rìn wọ inú èkejì, wọn á há mọ́ra, wọn á sì máa fa ara wọn jọ, títí tí kò fi ní sí àyè láàárín wọn. Ẹ ti rí orí ọmọ dàda rí, bí irun náà ṣe ń dì mọ́ra fúnra rẹ̀ tí kóòmù kò fi lè wọ̀ ọ́. Ohun tó jọ ọ́ ló ṣe súẹ́tà bàbá. Òwú kò ní ìpẹ́ ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àǹkárá fi lè wọ omi gbígbóná, bó tilẹ̀ sún kì díẹ̀, tí kò sì ní dì.

Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilé wa, ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Jímọ̀. Yálà Sábó ti Ọ̀yọ́ ni o tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo orí àwọn àgbà Hausa tó ń lọ kírun. Láàárín àwọn fìlà alábẹ́rẹ́, ẹ ó rí ẹnì kan tó dé fìlà pupa kan tó dúró gangan, tí kò ní ojú rírán kankan lára. Dara ni àwọn Hausa ń pè é. Irun àgùntàn tó dì ni fìlà yẹn. Ìlú Tunis, ní ìhà àríwá Áfíríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe jù. Àwọn Mùsùlùmí tí ọba Spéènì lé kúrò nílùú láti ọdún 1609 wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ náà di ńlá níbẹ̀. Àwọn obìnrin ló máa ń fi abẹ́rẹ́ hun ún lákọ̀ọ́kọ́, á tóbi débi pé á bo orí àti èjìká. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lọ sí ìlú kan tó ń jẹ́ El Battan, wọ́n á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ lù ú títí tó fi máa sún kì dé ìwọ̀n orí ènìyàn. Wọ́n á fi orí igi ẹlẹ́gùn-ún kan ya á kó lè yọ irun múlọ́múlọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ láró pupa, wọ́n á sì fi í sórí igi kó lè dúró. Nàìjíríà yìí wà lára ibi tí wọ́n ń tà á sí. Nítorí náà, ìyá wa, ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti bàbá ni àwọn ará Tunis ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tí wọ́n sì ń gbowó lé.

Ìbéèrè kejì ńkọ́, ti irun àgbò Sábó? Kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ lọ fọwọ́ kan wọ́n kí ẹ rí i. Balami funfun gàgàrà yẹn, Uda tí iwájú rẹ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, Yankasa tó lé tìróò, títí kan àgùntàn kúkúrú tiwa tó ń sùn sójú títì, irun wọn kúkúrú ni, ó sì le bíi ti ewúrẹ́. Ooru ilẹ̀ wa kò fẹ́ ẹran tó wọ kóòtù. Irun bẹ́ẹ̀ kì í dì, ẹ lè fọwọ́ ra á di alẹ́. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibi tí àgùntàn onírun gidi wà ni agbègbè Macina ní Mali, níbi tí odò Ọya ti tẹ́ rẹrẹ. Àwọn Fúlàní ibẹ̀ ń gé irun àgùntàn wọn, àwọn obìnrin ń ran án bí ẹní ran òwú, àwọn ahunṣọ tí wọ́n ń pè ní Maabube sì ń fi í hun kaasa, aṣọ ìbora nípọn tí darandaran fi ń sá fún òtútù àti ẹ̀fọn. Híhun ni wọ́n ń hun tiwọn. Ní ti àgbò Sábó, awọ rẹ̀ ló wúlò fún ọlọ́nà, ẹ bi àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ tó ń ṣe tìmùtìmù àti àpò.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kan irun àti awọ, ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀. Ẹran tó bá dédé kú, tí ẹnikẹ́ni kò pa, ẹ má gé irun rẹ̀, ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má sì jẹ ẹ́. Àrùn kan wà tó ń jẹ́ anthrax, kòkòrò rẹ̀ lè sùn nínú irun, awọ àti iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má kú. Ní Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣa irun àgùntàn tó ń ti òkè òkun bọ̀ débi pé orúkọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń pe àrùn náà, ìjọba ibẹ̀ sì ṣe òfin lé e lórí ní 1919. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn àtijọ́ nìyẹn: ní 2023, ó jà láàárín ẹran ní òkè ilẹ̀ Gánà, ènìyàn kú níbẹ̀, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún yẹn, ìjọba wa kéde pé wọ́n ti rí i ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Egbò tí kò dunni, tí àárín rẹ̀ dúdú bí èédú, lára ẹni tó fọwọ́ kan òkú ẹran, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, ilé ìwòsàn ni.

Ó yá, súẹ́tà tó bàjẹ́ ńkọ́? Àkísà ìgbékòkò tó dára ju gbogbo èyí tí ẹ ti lò rí ló wà lọ́wọ́ yín yẹn. Irun àgùntàn kì í tètè gbóná dé ọwọ́, kì í sì í tètè gbiná. Ẹ̀yin tí kò tíì ba súẹ́tà jẹ́, ẹ bi àwọn tó ń ta òkìrìkà bóyá wọ́n ní èyí tó ti sún kì tàbí tí òólá ti jẹ lápá kan. Wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ta yín lọ́rẹ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o, nítorí ọwọ́ yín ni mò ń dáàbò bò. Púpọ̀ nínú súẹ́tà ọjà wa kì í ṣe irun àgùntàn rárá. Rọ́bà tí wọ́n fà bí òwú ni, wọ́n kàn ṣe é kó jọ irun. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ gbé ìkòkò gbígbóná, yíyọ́ ló máa yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ àwọ̀ ara. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ fa òwú kan yọ lára rẹ̀, ẹ gbé àwo omi síwájú, ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ẹ fi nǹkan di òwú náà mú, kí ẹ sì ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ irun àgùntàn, á rùn bí ìgbà tí a ń ra adìyẹ níná, á jó díẹ̀díẹ̀, tí ẹ bá sì gbé iná kúrò á kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á fọ́ lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka. Tó bá jẹ́ rọ́bà, á yọ́, á kán tótó, ibi tó bá kán sí á le bí òkúta dúdú kékeré. Èyí tó bá rùn bí ìwé tó ń jó, òwú ni. Èyí tó kọ wool sí ọrùn pàápàá, ẹ dán an wò, nítorí wọ́n máa ń lú méjèèjì pọ̀.

Bó bá jẹ́ irun gidi, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò. Tí ojú híhun rẹ̀ bá ṣì hàn, kò tíì dì tó. Ẹ wá omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, ẹ ra ọṣẹ ìfọṣọ sí i, kí ẹ máa rà á lórí pátákó ìfọṣọ fún bíi ìṣẹ́jú 15. Ẹ fún un, ẹ jù ú sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tún dá a padà sínú gbígbóná. Ẹ tún un ṣe títí tí ẹ kò fi ní mọ ibi tí òwú kan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ wò: tí kò bá tú, ó ti ṣetán. Ẹ fi omi tútù ṣan ọṣẹ kúrò, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó tẹ́jú lábẹ́ ibòji.

Gé igun mẹ́rin méjì jáde, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ kó wọn lé ara wọn, kí ẹ rán wọn pọ̀ yípo. Òwú lásán ni kí ẹ fi rán an, má fi òwú ọ̀rá, nítorí iná á yọ́ ọ. Ẹ fi okùn kékeré kan sí igun rẹ̀ tí ẹ ó fi máa fi í kọ́ ẹ̀gbẹ́ àdògán. Kó gbẹ táútáú kí ẹ tó lò ó o. Ìgbékòkò tó tutù máa ń gba ooru wọlé kíákíá, ẹni tó ń ro àmàlà kò sì ráyè ju ìkòkò sílẹ̀. Apá súẹ́tà náà ṣe é fi bo ike omi tàbí kí ẹ fi ṣe àpò fóònù. Èyí tó kù, ẹ fi bàtà bàbá wọn ẹsẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ gé e sínú bàtà. Ó máa ń fa òógùn, ẹsẹ̀ kì í sì í tutù lójú ọyẹ́. Bóyá ibẹ̀ ni bàbá á ti rẹ́rìn-ín.

Fún ẹni tó ní ọmọ lókè òkun tó lè fi irun tútù ránṣẹ́, irun tí kò tíì di òwú rárá, iṣẹ́ náà kò le ju sùúrù lọ. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná ọlọ́ṣẹ láìfọwọ́ rà á, kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè jáde. Ọ̀rá yẹn ni lanolin, tí wọ́n ń fi sínú ìpara. Tó bá gbẹ, ẹ fọwọ́ ya á bí àwọn ìyá àgbà wa ṣe máa ń tú òwú kí wọ́n tó ran án. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ẹní, ìpele kan ní òró, èkejì ní ìbú, títí dé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fi àpò àlùbọ́sà onílílu bò ó, èyí kò wọ́n ní Sábó, ẹ wọ́n omi ọlọ́ṣẹ tó gbóná sí i, kí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi agbára bẹ̀rẹ̀ á fọ́n ọn ká. Tó bá ti ń mú ara wọn, ẹ yọ àpò kúrò, ẹ ká ẹní mọ́ ọn, ẹ máa yí i síwá-sẹ́yìn bí ìgbà tí a ń lọ ata, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà, kí ẹ yí ojú rẹ̀ padà kí ẹ tún ṣe é. Ó ń rẹ apá, mi ò ní purọ́.

Ó wá ku gbólóhùn ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn. Ìyá yìí ní ìyàwó ọmọ òun máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀, nítorí náà òun ti gé lára súẹ́tà náà, òun ti fi rán fìlà àti bàtà ọmọ, òun sì ti tò wọ́n sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀ kí òólá má baà jẹ wọ́n.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun. Ohun tó wà nínú káńfọ̀ funfun roboto ọjà yẹn ni naphthalene. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni wọ́n bí tí ohun kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá náà sì lè má mọ̀ láéláé, nítorí kò ṣe é ní nǹkan kan. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá mí òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tó gba ara rẹ̀ wọlé, pàápàá ara tí a fi òróró pa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n bí àárín ẹyin. Tí ibà apọ́njú yìí bá pọ̀ jù, ó lè wọ ọpọlọ: ọmọ lè kú, èyí tí kò bá sì kú lè di adití tàbí ẹni tí kò lè jókòó fúnra rẹ̀ láéláé. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ tuntun, wọ́n á sọ iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ òórùn káńfọ̀ lára aṣọ tí wọ́n fi gbé ọmọ olójú pípọ́n wá.

Ẹ máa gbé ọmọ sí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kí ẹ wo ẹyinjú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kìíní. Tí wọ́n bá pọ́n, tí kò fẹ́ mu ọmú, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí igbe rẹ̀ lé gooro, tí ó ń na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọrun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Sísá ọmọ sóòrùn kò tó. Omi glukósì kì í wò ó, ampiclox kì í wò ó. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n máa fi í sí lábẹ́, nígbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sì fi rọ́ọ̀bù tàbí ìpara olóòórùn líle pa ọmọ tuntun lára. Káńfọ̀ tó wà nílé fún aṣọ àgbà, ẹ gbé e sókè, nítorí ọmọdé máa ń rò pé súìtì ni.

Ẹ ó bi mí pé báwo wá ni a ṣe máa lé òólá? Òólá fẹ́ràn òógùn àti àbàwọ́n oúnjẹ, nítorí náà ẹ fọ aṣọ irun kí ẹ tó kó o pamọ́: omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní títẹ̀, ẹ má rà á, ẹ má sì fún un. Tó bá gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ tàbí ike olómọrí tó há dáadáa. Ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù. Ẹni tó ní firísà, tí iná sì wà, lè gbé e síbẹ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin òólá kò ní là á já.

Ìyá Sábó ti ránṣẹ́ padà. Ó ní òun ti kó fìlà àti bàtà náà jáde, òun sì ti fún ìyàwó ọmọ òun ní tuntun tí wọ́n fi òwú hun. Ti inú àpótí, bàbá ti gbà á, ó ní òun á fi bo fìlásíìkì tíì òun.